Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Yẹ Orin Wò fún Ẹni Tí Ìró Máa Ń Ni Lára

Tí ọmọ bá fi ọwọ́ di etí nítorí orin, ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé ká yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í sábà tó. Ọmọ lè jókòó nítòsí sípíkà níbi ìnáwó kó máa jó, kí orin kan tí wọ́n rọra ń kọ nínú yàrá sì lé ọmọ náà jáde lọ́jọ́ kejì. Ariwo jẹ́ ọ̀kan péré nínú ohun tó ń ni etí lára. Bí ìró ṣe ń já lu èèyàn lójijì wà níbẹ̀, bó ṣe mú tó wà níbẹ̀, bí ohun tó ń dún papọ̀ ṣe pọ̀ tó wà níbẹ̀, àti bóyá olùgbọ́ mọ ohun tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú èyí tó burú jù nínú wọn, ìyípadà òjijì ni mo máa mú, ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí rẹ̀ nínú orí yìí.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe kò le. Ẹ ó jókòó ti orin kan, ẹ ó gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ẹ ó sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ sórí káàdì kan tí òbí, olùkọ́, olórí ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹni tó ń gbé orin sí i níbi àríyá lè kà kó sì lò. Ẹ ṣe é kí orin náà tó dé etí ẹni tí ẹ ń ṣe é fún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ etí tí ẹ ń ṣe é fún

Àwọn tí ìró máa ń ni lára kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísímù wà nínú wọn. Láti ọdún 2013 ni DSM-5, ìwé atọ́nà tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, ti ka á mọ́ àwọn àmì ọ́tísímù pé kí ìró, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn máa wọ èèyàn lára jù, tàbí kó má wọ̀ ọ́ lára tó. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń bá jà wà nínú wọn, ẹni tó fi orí gbá nǹkan nínú ìjàǹbá ọkọ̀ wà níbẹ̀, àti ẹni tí etí rẹ̀ ń hó. Ẹni tí ojú rẹ̀ rọ lápá kan náà lè wà níbẹ̀, nítorí iṣan tó ń darí ojú ló tún ń darí ẹran tíntìntín kan nínú etí, èyí tó máa ń fà nígbà tí ariwo bá dé kí ohun tó ń wọlé lè dín kù. Ẹ fi ẹran tíntìntín yìí sọ́kàn, a máa tó padà sórí rẹ̀.

Tí ìró ojoojúmọ́, bí ìgbà tí abọ́ bá kan ara wọn, bá ń dún bí ariwo ńlá sí èèyàn létí tàbí tó ń dùn ún, àwọn dókítà ń pè é ní hyperacusis. Misophonia yàtọ̀ sí èyí. Nínú tirẹ̀, ìró kan pàtó ló ń bí ẹni náà nínú tàbí tó ń dá ìpayà sí i lára, bíi kí ẹnì kan máa jẹun, kó máa mí, kó máa fa imú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró ọ̀hún ò lọ sókè rárá. Orin tí gbogbo ilé gbà pé ó tutù lè jẹ́ ìyà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé akọrin sún mọ́ máìkì débi tí èèyàn fi ń gbọ́ bó ṣe ń mí àti bí ètè rẹ̀ ṣe ń ya.

Nítorí náà, ẹ bi olùgbọ́ léèrè kí ẹ tó gbé orin kankan sí i. Ẹ má fi mọ sórí pé orin wo ni kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ ní kó fọwọ́ sọ ibi tó ń ni ín lára gan-an nínú orin tó ti mọ̀. Ọmọ tí kò tíì lè ṣàlàyé á fi ara sọ ọ́: á ká èjìká, á máa ṣẹ́jú léraléra, á dákẹ́ lójijì, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kó lè fi ohùn tirẹ̀ bo ti orin. Ìyá rẹ̀, tàbí ìyá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀, ti mọ àwọn àmì yìí tipẹ́. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sí òkè káàdì, nítorí òun ló máa sọ bí ẹ ṣe máa ka gbogbo ìyókù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ìnira yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì ni, tàbí tí etí kan ń dùn ún, tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà etí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Sípíkà, ìjókòó, àti òǹkà

Bébà, kálámù àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo sípíkà tí ẹni náà máa fi gbọ́ orin gan-an, kí ẹ sì jókòó síbi tó máa jókòó sí. Èyí ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Sípíkà inú fóònù kéré, kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, nítorí náà àwọn ìró tó mú ló máa ń kù lórí rẹ̀: agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwo irin orí dùrọ́ọ̀mù, ìparí ọ̀rọ̀ tó ń sín lẹ́nu akọrin. Orin kan náà lórí sípíkà tó tóbi díẹ̀, tí wọ́n yí sílẹ̀, á rọ̀ létí ju ti fóònù lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ nítorí pé ó kéré, wọ́n rò pé ohun kékeré kò lè ṣe etí ní nǹkan.

Yíyí ohùn sílẹ̀ ní àbùkù kan náà. Àwọn olùwádìí méjì, Fletcher àti Munson, fi hàn ní ọdún 1933 pé etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè bákan náà, àti pé bí ìró bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i ni ohùn ìsàlẹ̀ ń tètè sọnù sí etí. Ìyẹn ni pé tí ẹ bá yí orin sílẹ̀, ìlù ńlá tó ń gbé e dúró á kọ́kọ́ lọ, àwọn ìró tó mú á sì ṣẹ́ kù sójútáyé. Ẹni tí ìró tó mú ń ni lára kò tíì bọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ òǹkà, ẹ lè fi fóònù wọn ariwo. Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, ní áàpù ọ̀fẹ́ kan fún iPhone. Oríṣiríṣi ló wà fún àwọn fóònù yòókù, àmọ́ máìkì wọn kò dọ́gba, nítorí náà ẹ máa lo fóònù kan náà nígbà gbogbo kí ẹ lè fi orin wé orin. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni òǹkà náà. Tó bá fi 10 lé sí i, etí máa ń gbọ́ ọ bíi pé ìró náà ti di ìlọ́po méjì. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bá ara wọn sọ nítòsí máa ń wà ní nǹkan bíi 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má kọjá 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, kí ọmọdé má kọjá 75. Ṣùgbọ́n ẹ yé e dáadáa: ìlà tí etí fi lè bàjẹ́ ni wọ́n fà yẹn. Ara ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè kọ orin tí kò dé ìdajì ọ̀nà síbẹ̀. Ibi tí mo máa ń ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kí orin má ju ohùn ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ nínú yàrá lọ, kí wọ́n wá jẹ́ kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ gbé e sókè tó bá fẹ́.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń tan èèyàn. Spotify máa ń sún orin gbogbo sí ìwọ̀n kan náà, −14 LUFS, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí odindi orin ṣe ń dún sí etí, kí orin kan má baà bú mọ́ni lẹ́yìn èkejì. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn. Ṣùgbọ́n odindi orin ló ń wò, kò dá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orin kan ṣoṣo láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí òmíràn. Ibẹ̀ sì ni wàhálà wà.

Òjijì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ gbọ́ orin náà. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ kàn gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tẹjú mọ́ aago, kí ẹ sì kọ àkókò gbogbo ibi tí nǹkan ti yí padà: ibi tí ìlù ti wọlé, ibi tí ègbè ti bú sí i, ibi tí ẹnì kan ti kígbe, ibi tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Ẹ má fojú kéré ìdákẹ́jẹ́. Nínú káàdì tèmi, ìdákẹ́jẹ́ àárín orin máa ń gba àmì pupa.

Ẹran tíntìntín inú etí tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ló fà á. Tí ariwo bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó máa ń ráyè fà, ó sì máa ń dín ohun tó ń wọlé kù. Tí ìró bá já lulẹ̀ lójijì, ó ti wọlé tán kí ẹran náà tó ta pútú. Ara náà á sì ti ta gìrì kí ọpọlọ tó mọ̀ pé orin lásán ni. Ẹni tí ara rẹ̀ yá láti ta gìrì á pẹ́ kó tó balẹ̀ padà, tí òmíràn bá sì tún já lù ú kó tó balẹ̀, ìnira á bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn. Ìdí nìyẹn tí orin oníṣẹ́jú 5 tó ní òjijì mẹ́ta fi lè ba gbogbo ọ̀sán jẹ́ fún ọmọ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi orin kan tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ nílẹ̀ wa mọ̀ dunjú ṣe àpẹẹrẹ: “Hallelujah” tó wà nínú Messiah tí Handel kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Dublin lọ́dún 1742. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ni. Ohun èlò olókùn ló ń ṣáájú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyípadà àkọ́kọ́ nìyẹn, àmọ́ kò burú jù, nítorí pé ohun èlò ti kéde rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tó bá yá, níbi tí ọ̀rọ̀ orin ti kan ìjọba ayé yìí, akọrin á rọ ohùn wálẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Kò ní pẹ́ rárá tí wọ́n á fi gbé e sókè padà tagbáratagbára, láìsí pé ohùn kọ́kọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ àkókò rẹ̀ sí, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin á di ohùn òkè kan mú, wọ́n á máa gbé e gòkè ní ìpele-ìpele, tí tùràḿpẹ́ẹ̀tì á sì máa kín wọn lẹ́yìn. Apá yìí ga, ó mú, àmọ́ ó ń sọ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí etí mọ̀ pé ó ṣì ń gòkè bọ̀. Tí ẹ bá ní áàpù lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni òǹkà á ti ga jù.

Ibi tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù wà ní ìparí. Orin ń lọ kíkankíkan, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ wẹ́lo. Ọmọ tí kò mọ orin náà á rò pé ó ti tán, á sọ ọwọ́ kúrò létí. Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo akọrin, dùùrù àti ìlù á bú jáde papọ̀ fún gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹ tún fi ohun kan kún un tí kò sí nínú ìwé orin: nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, gbogbo èèyàn ló máa ń dìde tí orin yìí bá bẹ̀rẹ̀, àga á sì máa họ ilẹ̀. Ẹni tó kàn gbọ́ ẹ̀dà rẹ̀ lórí fóònù kò lè mọ ìyẹn. Tí ẹ bá ń ṣe káàdì fún orin tí wọ́n máa kọ lójúkojú, ẹ lọ síbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń dánra wò, kí ẹ sì gbọ́ ọ níbẹ̀.

Orin àríyá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ní òjijì tirẹ̀: máìkì tó hu, ẹni tó ń kì olówó tó ń ná lórí pátákó, ìdíje ìlù tó bẹ́ sílẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn DJ náà máa ń ki fèrè ọkọ̀ tàbí ìró ìbọn bọ àárín orin. Orin tí wọ́n kọ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kì í ní èyí tó pọ̀. Nítorí náà ẹ̀dà ni ẹ ń ṣe káàdì fún, ẹ má ṣe é fún orúkọ orin lásán. Ẹ kọ ẹ̀dà tí ẹ gbọ́ sórí rẹ̀. Ẹ sì gba orin náà sílẹ̀ sórí fóònù, nítorí ìpolówó ọjà tó bá já wọ àárín rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì á sọ gbogbo iṣẹ́ yín di asán.

Ìró tó mú

Ibi tí etí ènìyàn ti múná jù ni àárín nǹkan bíi 2,000 sí 5,000 Hz. Orin tó bá ti kó ohun púpọ̀ sí àárín yẹn á máa gún etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkà dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ga. Àwo irin orí dùrọ́ọ̀mù òyìnbó wà nínú wọn, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó bá ròkè gan-an. Nínú ìlù tiwa, ẹ ṣọ́ gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń fi awọ lù láàárín àwọn dùndún, kí ẹ sì ṣọ́ omele akọ nínú bàtá, tí bílálà ń dún lójú rẹ̀ pàà-pàà. Ìyá ìlù tóbi jù wọ́n lọ ó sì ń sọ̀rọ̀ jù wọ́n lọ, síbẹ̀ àwọn kékeré yìí ló sábà máa ń lé ẹni tí etí rẹ̀ kò gbà á kúrò nídìí ìlù.

Fújì yẹ fún àfiyèsí. Inú wéré, tí àwọn kan ń pè ní ajísààrì, ló ti jáde, ìyẹn orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ ọ́ di fújì. Orin tí wọ́n dá sílẹ̀ láti jí ẹni tó sùn gbọ́dọ̀ ní ohun tó mú nínú, mi ò sì kà á sí àléébù. Mo kàn ń sọ pé kí ẹ má gbé e sí i fún ẹni tí ìró tó mú ń ni lára láìṣe káàdì. Àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá rọ̀ jù ú lọ létí mi: agídìgbo wà nísàlẹ̀ tó ń gbé e, kò sì sí àwo irin dùrọ́ọ̀mù níbẹ̀. Àmọ́ agogo rẹ̀ kì í sinmi, nítorí náà ẹni tó jẹ́ pé irin ló ń ni lára kò ní rí ìsinmi níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè gbé orin sínú Audacity, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó wo àwòrán ìró rẹ̀. Ó máa fi ibi tí ìró ti já sókè lójijì hàn kedere, ó sì ní ojú ìwòye mìíràn tó ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dára fún wíwá àkókò. Ẹ má fi rọ́pò etí yín.

Ìfúnpọ̀, ohùn ìsàlẹ̀, àti ohùn ènìyàn

Ẹ ka iye nǹkan tó ń dún lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí orin ti kún jù. Tí ẹ kò bá lè kà á, ìdáhùn yín nìyẹn. Síbẹ̀, ìkún nìkan kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde lọ́dún 1982: gìtá pọ̀ níbẹ̀, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀, ohùn ègbè wà, síbẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan mọ àyè rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì ń tún ṣe lọ́nà tí etí fi lè mọ ohun tó ń bọ̀. Mo gbà pé irú ìkún bẹ́ẹ̀ rọrùn ju orin tí nǹkan díẹ̀ wà nínú rẹ̀ àmọ́ tí ó ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Èyí tó burú ni orin tí wọ́n ti fún mọ́lẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé gbogbo ibi tó rọlẹ̀ sókè kí orin lè máa pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ olórin Metallica fúnra wọn ráhùn lórí àwo orin Death Magnetic lọ́dún 2008 nítorí èyí. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò ní òjijì púpọ̀, àmọ́ kò fún etí láyè láti mí, ó sì máa ń tán olùgbọ́ lókun. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó fi ń lọ láìsinmi.

Ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ara ju ọ̀rọ̀ etí lọ. Bééṣì amapiano tó ti wọ orin àwọn ọ̀dọ́ wa báyìí máa ń gba ilẹ̀ àti àga wọ àyà. Ohun ìdítí máa ń dí ohùn òkè dáadáa ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹni tó fi ohun ìdítí sétí ṣì lè máa jìyà bééṣì. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìjókòó nígbà tí orin ń lọ. Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára lọ́wọ́, ẹ sún ìjókòó náà kúrò tàbí kí ẹ gbé sípíkà kúrò nílẹ̀ lásán sórí nǹkan rírọ̀.

Ní ti ohùn ènìyàn, ẹ kọ ibi tó ti kọ́kọ́ wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ orin Fẹlá, ohun èlò máa ń lọ fún ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ara á ti balẹ̀ mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ á wá dé. Nínú “Zombie”, ó níbi tí ohùn yẹn ti ń pa àṣẹ ológun. Ọmọ tí wọ́n máa ń jágbe mọ́ nílé ìwé lè gbọ́ ìbáwí nínú rẹ̀ dípò orin.

Bí ẹ ṣe máa fún un ní máàkì

Ẹ fún orin ní máàkì láti 0 dé 3 lórí òjijì, ìmú, ìfúnpọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn ènìyàn. 0 ni pé kò sí i rárá, 3 ni pé ẹ kò ní gbé e sí i láìkọ́kọ́ kìlọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro máàkì náà pọ̀. Orin tó gba 3 lórí òjijì, tó sì gba 0 lórí ìyókù, àròpọ̀ rẹ̀ kò ju 3 lọ. Orin mìíràn tó gba 1 lórí márààrún á di 5. Ẹni tó bá ń wo àròpọ̀ á gbé ti àkọ́kọ́ sí i, èyí sì ni orin tó máa mú ọmọ sá kúrò ní yàrá. Máàkì tó ga jù lórí káàdì ni máàkì orin náà. Tí ohun tí wọ́n sọ fún yín nípa olùgbọ́ bá bá ọ̀kan nínú márààrún mu, ẹ fi 1 lé e, kó má ṣáà kọjá 3, kódà tó bá jẹ́ pé etí tiyín kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Lẹ́yìn máàkì, ẹ kọ àwọn àkókò tí ẹ fa ìlà sábẹ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: “ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀tàn”, “ègbè bú”, “agogo bẹ̀rẹ̀, kò dúró mọ́”. Ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere sàn ju máàkì lọ fún ẹni tó máa lò ó.

Lílo káàdì

Ìkìlọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ariwo tí èèyàn mọ̀ pé ó ń bọ̀ kì í dà á láàmú bí èyí tó já lù ú, ariwo tí òun fúnra rẹ̀ sì lè pa dé kì í ni ín lára bí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí olùgbọ́ di fóònù tàbí bọ́tìnnì sípíkà mú fúnra rẹ̀. Ẹ bá a gbọ́ orin náà ṣáájú ọjọ́ tó máa gbọ́ ọ láàárín èrò. Níbi ayẹyẹ, kí ẹnì kan tó mọ káàdì jókòó tì í, kó máa na ìka sókè mẹ́ta, méjì, ọ̀kan kí ibi tí ẹ fa ìlà sí tó dé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eré orí ìtàgé fún àwọn tó ní ọ́tísímù ní Broadway, ní New York, lọ́dún 2011, tí wọ́n fi The Lion King bẹ̀rẹ̀, ìró tó ń já lu èèyàn àti ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dín kù, wọ́n sì ṣètò ibi ìsinmi síta fún ẹni tó bá fẹ́ jáde. Ìjọ tàbí ilé ìwé wa lè ṣe èyí láìná owó púpọ̀: yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, àga méjì, àti ẹni tí kò ní bi ọmọ léèrè ìdí tó fi jáde.

Ní ti ohun ìdítí, ẹ fi í sí ìtòsí fún àwọn ibi tí káàdì dárúkọ, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ etí kì í fẹ́ kí èèyàn fi í sétí látàárọ̀ dalẹ́ níbi tí ariwo kò sí, nítorí etí tó bá ti mọ́ ìdákẹ́jẹ́ jù máa ń túbọ̀ kórìíra ìró.

Ó máa ṣẹlẹ̀ pé ẹni náà á yan orin tí ẹ fún ní 3, á gbé e sí i léraléra, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn rí i pé kò kọjá ìwọ̀n dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì tí a kọ sókè fún ọmọdé, kí ẹ wá ní kó sọ fún yín bí orin náà ṣe rí létí òun ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kálámù mìíràn kọ máàkì tirẹ̀ sórí káàdì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Tí méjèèjì kò bá bára mu, tirẹ̀ ni kí ẹni tó bá tún mú káàdì náà máa tẹ̀ lé.